Àmì Tí Léonce Kò Kùn

Ọ̀sán ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan nínú oṣù Karùn-ún ni Arlette Boudon pe Léonce Fabrègues lórí fóònù. Léonce wà lẹ́yìnkùlé, ó ń ro ìdí pòtétò. Bó ti gbọ́ ohùn ìbátan rẹ̀ yìí ló ti mọ̀ pé iṣẹ́ ló fẹ́ bẹ òun, torí Arlette kì í pe èèyàn kó kàn kí i lásán.

"Léonce, báwo ni orúnkún ẹ?"

"Ó ń gbé mi dé ìdí pòtétò, ó sì ń gbé mi padà. Kí lo fẹ́?"

"O ò tiẹ̀ kí mi. Àlejò kan dé sílé mi lónìí, obìnrin. Ó fẹ́ rìn lọ sí Saint-Clamens lọ́la, àyà ẹ̀ sì ń já láti dá a rìn. Mo ní kó fọkàn balẹ̀, pé ẹni tó kun gbogbo àmì ojú ọ̀nà yẹn kò jìnnà síbí, pé òkúta tí kò bá mọ̀ ọ́n níbẹ̀, àná ló débẹ̀."

"Arlette, ẹnu ẹ yìí."

"Ẹnu mi ti sọ ọ́ ná. Òun ni obìnrin ọjọ́sí, èyí tó ṣubú nísàlẹ̀ igbó Fajoux lóṣù Kẹwàá. Wọ́n ti tún ìbàdí ẹ̀ ṣe, ó padà wá parí ìrìn ẹ̀. Ṣé irú ẹ̀ lèèyàn ń sọ pé rárá fún? Léonce? Ṣé o ń gbọ́ mi?"

Ó ń gbọ́ ọ. Ọkọ́ tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ ti bọ́ sílẹ̀, kò sì mọ̀.

"Aago mélòó?" ló bi í.

"Aago méje. Gbé àpò ẹ dání, màá di oúnjẹ fún ẹ̀yin méjèèjì."

Ọmọ bíbí orí òkè Aubrac nílẹ̀ Faransé ni Léonce. Ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ló fi ṣiṣẹ́ ojú ọ̀nà fún ìjọba ìbílẹ̀ wọn. Ó ń dí kòtò, ó ń kó yìnyín kúrò lójú títì nígbà òtútù, ó ń gé koríko etí ọ̀nà nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Nígbà tó fẹ̀yìn tì, tó rí i pé òun kò mọ ohun tí èèyàn ń fi ọwọ́ méjèèjì ṣe nínú ilé, ó wọ ẹgbẹ́ àwọn tó ń tọ́jú ọ̀nà ẹsẹ̀ gígùn nì, èyí tó gba inú oko àti abúlé kọjá títí dé ààlà Spain, tí àwọn èèyàn ń fi ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, márùn-ún rìn tàwọn ti àpò lẹ́yìn. Wọ́n fi kìlómítà méjìlélógún sí ìkáwọ́ rẹ̀, láti ilé Arlette dé Saint-Clamens. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti máa kun àmì sára igi àti òkúta, ìlà funfun lókè, ìlà pupa nísàlẹ̀, kí àlejò tí kò débẹ̀ rí má bàa ṣìnà.

Paulette ìyàwó rẹ̀ ló máa ń bá a gbé agolo ọ̀dà. Bí Léonce bá kùn ún tán, Paulette á lọ dúró lọ́ọ̀ọ́kán bí ẹni tó ń ti ọ̀nà jíjìn bọ̀, á ní, "Ó wọ́. Bàbá yìí, ó wọ́. Ṣé ọtí lo mu ni?" Léonce á nù ún kúrò, á tún un kùn. Ọdún mẹ́fà ni wọ́n fi ṣe é báyìí. Nígbà tí Paulette kú, Léonce ń dá a ṣe, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó ń dúró lọ́ọ̀ọ́kán mọ́, iṣẹ́ náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í sú u díẹ̀díẹ̀.

Lóṣù Kẹjọ ọdún tó kọjá, ìjì wó igi ńlá kan nínú igbó Fajoux, níbi tí ọ̀nà ti pín sí méjì. Ara igi yẹn ni àmì wà, èyí tó ń sọ pé apá òsì ni kéèyàn yà sí. Ẹni tó ni igbó gé igi náà wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ fún ìdáná, òun fúnra rẹ̀ ló sì sọ fún Léonce nílé kọfí pé, "Léonce, igi ẹ ti di iná ọbẹ̀ mi o." Léonce rẹ́rìn-ín, ó ní òun á lọ kun òmíràn sára òkúta tó wà nítòsí lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Ọ̀sẹ̀ náà dé, òjò ń rọ̀, orúnkún ń dùn ún. Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e náà dé, ó sì kọjá. Nígbà tí fọ́ọ̀mù oṣù Kẹsàn-án wá látọ̀dọ̀ ẹgbẹ́, pé kó rin gbogbo ọ̀nà náà kó sì jẹ́rìí pé àmì pé, Léonce jókòó sídìí tábìlì, ó fa "bẹ́ẹ̀ ni" sí gbogbo ìbéèrè, ó buwọ́ lù ú.

Lọ́jọ́ kẹsàn-án oṣù Kẹwàá, obìnrin kan tó ń dá rìn dé oríta náà nínú kùrukùru. Ó wo òsì, ó wo ọ̀tún, kò rí àmì. Ọ̀nà ọ̀tún ló fẹ̀ jù, ló bá gba ibẹ̀. Ọ̀nà ọ̀hún kò lọ síbì kankan, ó kàn parí sí etí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ kan lókè odò. Ó yọ̀, ó yí gbirigbiri lọ sísàlẹ̀, egungun ìbàdí rẹ̀ kán. Wákàtí mẹ́fà ló lò níbẹ̀ kí ajá ọdẹ kan tó gbóòórùn rẹ̀.

Léonce gbọ́ ọ lọ́jọ́ náà gan-an. Bí ilẹ̀ ọjọ́ kejì ti ń mọ́ ló ti gbé ọ̀dà wọ inú igbó. Ó kun àmì sára òkúta, ó dúró títí ó fi gbẹ, ó wá bu erùpẹ̀ àti ewé jíjẹrà, ó fi pa á lára kó lè dà bí ohun tó ti pẹ́ níbẹ̀. Nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ fi máa wá wò ó, àmì wà, fọ́ọ̀mù sì wà. Wọ́n ya àmì náà ní fọ́tò, wọ́n sì kọ ọ́ sínú ìwé pé obìnrin náà ni kò kíyè sí i.

Obìnrin yìí ló ń dúró de Léonce lẹ́nu ilẹ̀kùn Arlette láàárọ̀ Ọjọ́rú. Ghislaine Kerdoncuff lorúkọ rẹ̀, ará Bretagne létí òkun Faransé, ẹni ọdún mẹ́tàdínlọ́gọ́ta. Èèyàn kúkúrú ni, ó gé irun funfun rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó mú ọ̀pá kan dání. Bó bá ń rìn, ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ máa ń pẹ́ díẹ̀ kó tó tẹ̀ lé ọ̀tún.

"Ẹ̀yin ni gbogbo òkúta mọ̀," ló wí, ó bọ̀ ọ́ lọ́wọ́.

"Irọ́ Arlette nìyẹn," ni Léonce dáhùn.

Arlette kó búrẹ́dì, wàràkàṣì àti sọ́sééjì gbígbẹ jáde. "Màdáàmù, bó bá ń fẹsẹ̀ wọ́lẹ̀, ẹ fi ọ̀pá yẹn gún un nídìí. Àárín màlúù ló dàgbà sí, èdè tó gbọ́ nìyẹn."

Wọ́n gbéra. Ọ̀nà náà gba àárín ògiri òkúta méjì gòkè, lẹ́yìn náà ló tú wọn sórí pápá gbalasa tí kò ní igi kan. Òdòdó funfun kún inú koríko. Àwọn màlúù aláwọ̀ pupa rúsúrúsú gbójú sókè wò wọ́n, ojú wọn dúdú yíká bí ẹni pé wọ́n lé tìróò. Léonce ń ṣí géètì, ó ń tì í. Nǹkan kan tí kò retí sì bẹ̀rẹ̀. Níbi gbogbo tí àmì bá wà, Ghislaine á dúró, á na ọwọ́, á fọwọ́ kàn án.

"Èyí náà, ẹ̀yin lẹ kùn ún?"

"Èmi ni."

"Ó mà tọ́ o. Ẹ kú iṣẹ́."

Lára igi géètì, ẹ kú iṣẹ́. Lára òpó iná, ẹ kú iṣẹ́. Nígbà tó di ìkeje, Léonce kò lè fara dà á mọ́.

"Màdáàmù, kò pọn dandan kẹ́ ẹ máa kí mi."

"Ẹ̀yin kọ́ ni mò ń ṣe é fún. Ojú mi ni mò ń kọ́."

Kò yé Léonce, ẹ̀rù sì bà á láti béèrè. Nígbà tí wọ́n jókòó jẹun lẹ́yìn ògiri kan tí atẹ́gùn kò ti rí wọn, obìnrin náà fẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́. Awakọ̀ ni. Ọdún mẹ́tàlélógún ló fi ń wa bọ́ọ̀sì tó ń kó àwọn ọmọ abúlé lọ sílé ìwé, kò sì fi kọlu ohunkóhun rí, kódà adìẹ.

"Lórí bẹ́ẹ̀dì ọsibítù ni Tanguy ọmọ mi ti ka ìwé ẹgbẹ́ yín sí mi létí. Ó fi fọ́tò hàn mí. Ó ní, 'Màámi, ẹ wo àmì, ó hàn kedere. Ká ní ọmọ kékeré ló wà lójú títì ńkọ́?' Ọmọ náà kò sọ̀rọ̀ àìdáa. Ìbéèrè tó yẹ kó béèrè ni."

"Ṣé dókítà yẹ ojú yín wò?"

"Ó yẹ̀ ẹ́ wò. Kò sóhun tó ṣe é. Ìyẹn gan-an ló wá kó ìpayà bá mi, torí bí kì í bá ṣe ojú, a jẹ́ pé orí ni. Bí tìyá mi ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ó dúró síwájú ilé ara ẹ̀ lọ́jọ́ kan, ó ń béèrè ilẹ̀kùn lọ́wọ́ àwọn tó ń kọjá." Ó gé wàràkàṣì, ó nà án sí Léonce. "Mo dá kọ́kọ́rọ́ bọ́ọ̀sì padà lóṣù Kejìlá. Wọn ò lé mi o. Èmi ni mo lọ gbé e sórí tábìlì wọn."

Léonce gbé búrẹ́dì rẹ̀ sílẹ̀. Ó mọ̀ pé ìsinsìnyí ló yẹ kóun sọ ọ́. Ó la ẹnu, ohun tó sì jáde ni, "Kùrukùru pọ̀ lọ́jọ́ náà."

"Ẹ má tù mí nínú," ni Ghislaine wí, ó dìde, ó gbọn koríko kúrò lára ṣòkòtò rẹ̀.

Aago kan kọjá díẹ̀ nígbà tí wọ́n wọ igbó Fajoux. Òjò wínníwínní ti bẹ̀rẹ̀. Lábẹ́ igi ibẹ̀ tútù, ilẹ̀ rọ̀ fún ewé tó ti rẹ̀ dà nù látọdún méló kan. Léonce ń gbọ́ mímí Ghislaine lẹ́yìn. Bí wọ́n ti yọ sí oríta, obìnrin náà dúró gbagidi.

Kùkùté igi náà wà níbẹ̀, olú ti hù sí i lára. Òkúta wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, funfun lókè, pupa nísàlẹ̀.

Ghislaine rìn lọ bá òkúta náà, ó fi orúnkún kan kúnlẹ̀, ó fọwọ́ pa á. "Ó rèé," ló wí. "Ó ga tó báyìí. Mo dúró níbí, níbí gan-an, mo gbé ẹsẹ̀ mi lé kùkùté yìí láti so okùn bàtà mi. Mo so okùn bàtà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ tán, mi ò rí i." Ẹkún gbọ̀n ọ́n, ẹkún tí kò ní ariwo. "Ọlọ́run mi o. Ó ti ń bẹ̀rẹ̀ nìyẹn."

"Màdáàmù," ni Léonce pè é.

"Ẹ jẹ́ n sunkún mi."

"Màdáàmù, kò sí níbẹ̀."

Ó gbójú sókè. Omi òjò àti omijé dàpọ̀ lójú rẹ̀. "Kí ni kò sí níbẹ̀?"

"Àmì yìí. Kò sí níbẹ̀ lọ́jọ́ tẹ́ ẹ kọjá. Ara igi tí wọ́n gé yìí ló wà. Mo mọ̀ pé igi ti lọ, wọ́n sọ fún mi, mi ò sì wá. Mo buwọ́ lùwé pé mo wá. Mo kun èyí lọ́jọ́ kejì tẹ́ ẹ ṣubú."

Òjò ń kán láti orí ewé bọ́ sórí àpò wọn. Ghislaine dìde díẹ̀díẹ̀, ó gbára lé ọ̀pá.

"Ọjọ́ kejì."

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Mo rí i nínú fọ́tò. Ó ti gbó nínú fọ́tò yẹn."

"Erùpẹ̀ ni mo fi pa á."

"Ẹ fi erùpẹ̀ pa á." Ó ń sọ ọ́ bí ẹni tó ń kọ ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀. "Ẹ dúró níbí, ẹ bu erùpẹ̀, ẹ fi ń pa á, èmi wà ní yàrá iṣẹ́ abẹ."

Léonce ń wo òkúta náà.

"Kí ló dé tẹ́ ẹ wá tẹ̀ lé mi lónìí? Ẹ wá wò mí?"

"Arlette ló pè mí. Mi ò mọ bí mo ṣe lè kọ̀. Mo sì rò pé... mi ò mọ ohun tí mo rò."

"Oṣù méje! Oṣù méje ni mo fi ń jí láràárọ̀, tí mò ń ka orúkọ gbogbo ọmọ tó ń wọ bọ́ọ̀sì mi, láti mọ̀ bóyá mo ti ń gbàgbé!" Ariwo rẹ̀ gba inú igbó kan. Ó gbé ọ̀pá sókè, Léonce sì rò pé yóò lù ú, kò sì yẹra. Ó fi gún ilẹ̀. "Ẹ má sún mọ́ mi."

Ó yà sí òsì, ó ń lọ. Léonce jẹ́ kó jìnnà tó igba ìṣísẹ̀ kó tó tẹ̀ lé e. Kò lè fi í sílẹ̀. Ìsọ̀kalẹ̀ tó wà níwájú ń yọ̀ bí òjò bá rọ̀, afárá odò sì jẹ́ pákó méjì péré. Báyìí ni wọ́n ṣe jáde kúrò nínú igbó, obìnrin níwájú, ọkùnrin lẹ́yìn. Nígbà tí Ghislaine dé ibi afárá, ó dúró pẹ́, ó ń wo pákó tó tutù. Léonce dúró níbi tó wà. Ó fẹ́ kígbe pé kó di irin ọwọ́ ọ̀tún mú, pé ti òsì kò lágbára, ṣùgbọ́n kò mọ̀ bóyá ẹnu òun ṣì tó ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Ó kígbe rẹ̀ náà.

"Ẹ di ti ọ̀tún mú! Ti òsì kò dáa!"

Kò bojú wẹ̀yìn. Àmọ́ ó di ti ọ̀tún mú.

Lókè, níbi àgbélébùú òkúta kan tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti máa ń wọlé, ó dúró dè é. Ojú rẹ̀ ti gbẹ. Ó ti fa fóònù yọ.

"Tanguy nìyí. Ẹ sọ fún un."

Léonce gba fóònù náà.

"Màámi? Ṣé kò sí wàhálà? Ṣé ẹ ti dé?"

"Màmá yín kọ́. Léonce Fabrègues lorúkọ mi. Èmi ni mò ń bójú tó àmì lójú ọ̀nà tí màmá yín ti ṣubú. Kò sí àmì níbẹ̀ lọ́jọ́ yẹn. Irọ́ ni fọ́tò yẹn. Èmi ni mo pa á. Kò sóhun tó ṣe ojú màmá yín, kò sì sóhun tó ṣe orí wọn."

Ọ̀rọ̀ tó ń ti inú fóònù jáde lẹ́yìn ìyẹn pọ̀, ó sì gbóná, Léonce kò sì gbé e kúrò létí. "Ẹ̀yin òpùrọ́ yìí! Ṣé ẹ mọ ohun tí mo sọ fún ìyá mi? Ṣé ẹ mọ ohun tẹ́ ẹ mú mi sọ fún ìyá mi?" Nígbà tó yá, ohùn ọ̀dọ́kùnrin náà yí padà. "Ẹ fún wọn ní fóònù. Ẹ jọ̀ọ́."

Léonce fún un. Ó rìn jìnnà kó má bàa gbọ́ ohun tí wọ́n ń bá ara wọn sọ. Ó ń wo màlúù. Ó gbọ́ ẹ̀rín kan tó tún di ẹkún, kò sì mọ ta ló ni èwo.

Kìlómítà méje ló kù. Ghislaine kò tún ní kó má sún mọ́ òun, kò sì bá a sọ̀rọ̀. Bó bá dé ibi àmì, kò fọwọ́ kàn án mọ́, á kàn wò ó, á kọjá. Ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ ti ń wọ́ nígbà tí òrùlé Saint-Clamens yọ. Lẹ́nu ọ̀nà ilé àlejò, ó bọ́ àpò rẹ̀ sílẹ̀, ó kọjú sí Léonce.

"Ẹ má rò pé mo ti dárí jì yín."

"Mi ò rò bẹ́ẹ̀."

"Ẹni tó wà ní ipò mi lórí bọ́ọ̀sì báyìí, ọ̀dọ́ ni, ó sì ní ọmọ méjì. Mi ò lè lọ sọ fún un pé kó dìde. Ṣé ẹ gbọ́? Ẹ̀yin ò lè tún ìyẹn kùn."

"Mo gbọ́."

"Ẹ lọ sọ fún ẹgbẹ́ yín kí n tó kọ̀wé sí wọn. Mo fẹ́ kí ẹ̀yin kọ́kọ́ débẹ̀."

Ó wọlé. Léonce lọ wá ẹni tó máa gbé e padà.

Lọ́jọ́ Ẹtì, ó wọ aṣọ tó dáa, ó lọ bá alága ẹgbẹ́ wọn, Régis Monteil, ó sọ gbogbo rẹ̀ láti orí igi tó wó dé orí erùpẹ̀. Régis jẹ́ ọ̀rẹ́ Paulette nígbà ayé rẹ̀. Ó gbọ́ ọ tán, ó kọ́kọ́ bi í bóyá ara rẹ̀ yá. Lẹ́yìn náà ni ojú rẹ̀ le. Wọ́n gba agolo ọ̀dà àti búrọ́ọ̀ṣì lọ́wọ́ Léonce, wọ́n fa ọ̀nà náà lé ẹlòmíràn lọ́wọ́, wọ́n tún ìwé ọ̀rọ̀ náà kọ, wọ́n sì fi ránṣẹ́ sí Bretagne. Ọ̀rọ̀ náà tàn. Nílé kọfí, àwọn kan ní ta ni kò ṣe irú ẹ̀ rí, àwọn kan yí àga wọn padà bó ti wọlé. Ti Arlette ló dun Léonce jù. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni kò fi bá a sọ̀rọ̀, bẹ́ẹ̀ ilé wọn kò ju igba ìṣísẹ̀ síra.

Ọjọ́ tó máa bá a sọ̀rọ̀, ó dúró sí ìta ọgbà, kò wọlé. Léonce ń wa pòtétò.

"Obìnrin yẹn pè mí láàárọ̀ yìí," ni Arlette wí. "Ó rìn ín dópin. Ó ti wà létí ààlà Spain."

Léonce nàró, ó di ẹ̀yìn mú. "Ẹsẹ̀ ẹ̀ ńkọ́?"

"Ó ní ó wú, ṣùgbọ́n ó dé."

"Ti bọ́ọ̀sì ńkọ́?"

"Mi ò bi í. Ìwọ náà mọ̀ pé mi ò lè bi í."

"Ṣé ó ní kó o sọ nǹkan kan fún mi?"

Arlette wo ilẹ̀, ó wo pòtétò tó ti wà lórí ebè.

"Rárá," ló wí. "Kò ní kí n sọ nǹkan kan." Ó ṣí géètì, ó gbé apẹ̀rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í bá a ṣa á.